Rọ́bà Kan Nínú Dùùrù

Ilé kẹrìndínlógún ni wọ́n rán an lọ, ilé kẹrìnlá ni ó wọ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Títún ohùn dùùrù ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó fi ọdún márùn-ún kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó kan ilẹ̀kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí òpó iná sì ṣí i.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo wá tún dùùrù ṣe."

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

Dùùrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lóòótọ́, ohùn rẹ̀ sì ti bàjẹ́ débi pé ọmọbìnrin náà kò bi ara rẹ̀ léèrè ohunkóhun mọ́. Ó tú u, ó jókòó tì í, ó sì lo wákàtí méjì àti ààbọ̀ nídìí rẹ̀. Ìgbà tó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ló tó béèrè ìyá àgbà tó ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá àgbà wo?"

"Ìyá àgbà tó nilé."

"Èmi nìkan ni mò ń gbé níbí."

"Ta ló wá ránṣẹ́ sí mi?"

"Èmi kọ́ o. Mo rò pé màmá mi ló rán yín wá ni."

"Ẹ ò sì bi mí!"

"Kí n tó ronú kàn án, ẹ ti tú dùùrù palẹ̀. Ojú yín sì le."

Apínlẹ́tà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ẹni tó ń fi nọ́ńbà ilé jẹun, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú títí dòní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ó di ọkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí máa ń sọ pé oṣù mẹ́fà ni. Oṣù mẹ́rìnlá ni. Ní ti ìyá àgbà ilé kẹrìndínlógún, ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó tó rí tirẹ̀ ṣe, ó sì bá ọmọbìnrin náà wí dáadáa nítorí pé ó pẹ́.

Kòtíìgún ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọbìnrin náà, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni orúkọ náà sì ti jáde. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí onílé yọjú tó sì ní, "Ó mà ti dára o," èsì kan ṣoṣo ló ní: "Kò tíì gún." Onílé á lọ jẹun, á padà wá. "Kò tíì gún." Ohun tí àwọn onílé kò mọ̀ ni pé kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo ló wà fún ìtẹ̀ kan. Ìtẹ̀ méjìdínláàádọ́rùn-ún ló wà lójú dùùrù, dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ lé ní igba, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtẹ̀ náà ló ní wáyà mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ dún bí ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín yapa, ohùn náà á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta ní láti kọ́kọ́ pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Rọ́bà kékeré kan, tó nípọn lókè tó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, ni wọ́n ń kì bọ àárín wáyà láti fi ṣe é. Ìpanumọ́ ni Kòtíìgún ń pè é. Mẹ́fà ló ní. Kí ó tó pa àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dé, á kà wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí yóò fi pé mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì gbàgbé ẹyọ kan sínú dùùrù ẹnikẹ́ni rí.

Etí rẹ̀ kì í sinmi. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń súfèé nínú ilé ìwẹ̀, á kan ilẹ̀kùn.

"Bàálé mi, ó ti ń wálẹ̀ díẹ̀."

"Omi ló tutù!"

"Omi kọ́ ló ń súfèé."

Ọkọ rẹ̀ ń ta báàsì, ohun èlò olókùn mẹ́rin tó ga ju òun alára lọ, tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti yọ ìjókòó iwájú kúrò nínú mọ́tò wọn nítorí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni Kòtíìgún fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣeré. Dókítà, oníṣègùn eyín, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó fi ọdún mẹ́jọ ju àwọn yòókù lọ, ló ń tẹ dùùrù. Oníbúrẹ́dì, tí ilé ìyan-búrẹ́dì rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà, ló ń lùlù. Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de Dókítà ni wọ́n ti ń ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni dùùrù rẹ̀ wà. Ní ọ̀sán Sátidé, bí ẹni ìkẹyìn tó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bá ti jáde, wọ́n á sún àwọn àga mọ́ ògiri, wọ́n á kó ìwé ìròyìn àtijọ́ kúrò nílẹ̀, eré á sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Jáàsì ni orin wọn. Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí máa ń sọ pé ohun tó bá wu kálukú ni kálukú ń ṣe nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin kan wà nílẹ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan á yà kúrò lójú ọ̀nà, á máa rìn kiri, á máa dárà, àwọn méjì tó kù á sì máa ṣọ́ ọ láti mọ ibi tó dé, kí ó lè bá wọn nílé nígbà tó bá padà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà dájú kò lè yà kúrò lórí rẹ̀.

Ìṣòro Oníbúrẹ́dì kan ṣoṣo ni pé bí ó bá ti yà kúrò, kì í tètè fẹ́ padà sílé. Dókítà á ká ọwọ́ sórí itan, apínlẹ́tà á fẹ̀yìn ti báàsì rẹ̀, ìlù á sì máa lọ bí ẹni pé wọ́n fi búrẹ́dì sínú iná tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Ọkọ mi," ni Kòtíìgún á ké láti ìdí ògiri, torí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, "ẹ ti yó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì jẹ."

"Ìyàwó wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ ni!"

Ní oṣù kẹta ọdún kejìlélógún eré wọn, Dókítà na ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì níwájú wọn. Ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e kò nà tán. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bó ti gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún ká padà. Nǹkan kan ń le lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí okùn, ó sì ń fa àwọn ìka náà mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn á là á," ni ó wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Àwọn ìka á nà. Bóyá wọ́n á tún mọ dùùrù tẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọn ò bá mi ṣèlérí."

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ọdún méjìlélógún, a ò gba ohùn wa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Bí ẹnì kan bá ní ká fi ẹ̀rí hàn pé a ti ṣeré rí, kí la fẹ́ gbé síwájú rẹ̀? Búrẹ́dì?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan láti gba eré wọn sílẹ̀. Gbọ̀ngàn òkè ilé-ìkàwé ni wọ́n gbà, torí pé dùùrù gidi wà níbẹ̀, èyí tó nà gbalaja tí a ń ṣí ìdérí rẹ̀ sókè. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni, ní aago méjì ọ̀sán. Dókítà ní àfi kí ènìyàn wà níbẹ̀, òun kò lè ṣeré fún àga òfìfo, wọ́n sì pe ọgọ́fà ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó ti yọ eyín fún. Orin márùn-ún ni wọ́n máa ṣe. Wọn kò ní dúró, wọn kò sì ní tún ọ̀kankan ṣe, torí pé wákàtí kan péré ni ọwọ́ òsì Dókítà lè fara dà. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìka méjèèjì á gan, ó di ọjọ́ kejì. Orin karùn-ún ni ti Dókítà fúnra rẹ̀, tí kò tíì fún lórúkọ. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní òkè àárín dùùrù. Yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà méje, jẹ́jẹ́, òun nìkan, kí àwọn méjì yòókù tó wọlé. Ìtẹ̀ yẹn kan náà ni yóò sì fi parí rẹ̀. Nítorí orin yìí ni gbogbo ọjọ́ náà ṣe wà, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Kòtíìgún dé gbọ̀ngàn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Agbohùnsílẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú yàrá onígíláàsì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì ti ń ṣòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wúkọ́. Bàtà tó ń dún kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ní súìtì lápò, kí ó tú u kúrò nínú bébà kí aago méjì tó lù.

"Àti síìbù àpò yín, mà," ni ó wí fún Kòtíìgún. "Ó ń pariwo."

"Àpò mi kò ní sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bá a sọ̀rọ̀."

Ó tún dùùrù náà ṣe títí di aago mọ́kànlá. Àwọn mẹ́ta náà dé, wọ́n tẹ díẹ̀, wọ́n ta díẹ̀, wọ́n lù díẹ̀, Agbohùnsílẹ̀ sì gbé makirofóònù méjì kọ́ sókè inú dùùrù. Ṣùgbọ́n wọ́n tan iná orí ìtàgé, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, yàrá náà sì móoru. Ooru kì í fi ohùn dùùrù sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, Kòtíìgún padà sídìí rẹ̀ láti tọ́ díẹ̀ lára àwọn wáyà òkè sọ́nà. Àwọn ènìyàn ń kí ara wọn, àga ń ha ilẹ̀, ìyá kan ń bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti tọ̀. Ó yára ṣe é, ó ka ìpanumọ́ rẹ̀ sínú àpò, mẹ́fà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sí ìlà iwájú, lórí àga tó sún mọ́ àtẹ̀gùn ìtàgé jù lọ.

Orin àkọ́kọ́ yá bí ẹṣin. Dókítà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nìkan, bí ẹni tó ń sọ ìtàn tó pa á lẹ́rìn-ín. Báàsì wọlé lábẹ́ rẹ̀, àwo idẹ Oníbúrẹ́dì sì ń dún ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́ bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù. Orí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ṣùgbọ́n Kòtíìgún ti tẹ́ etí. Ìtẹ̀ kan wà lókè àárín tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́lòmíì tó lè gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin kàn ń yanu láìkọrin.

"Etí mi ni," ni ó rò. Àmọ́ ó fi ọwọ́ sínú àpò rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi ìka ka àwọn rọ́bà náà. Mẹ́fà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò pẹ́ nílẹ̀. Nínú orin kejì, Dókítà tẹ dùùrù kíkankíkan, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ó ti tún kan ìtẹ̀ yẹn, kò dún mọ́ rárá. Ó ní, "Kọ́." Bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ni. Nínú orin kẹta ó tún ní, "Kọ́, kọ́." Ọkùnrin kan ní ìlà kejì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan fẹ́ wọlé.

Dókítà wo ìtẹ̀ náà bí ó ti máa ń wo eyín tó ní ihò. Láti ìgbà náà lọ, ó ń fò ó, bí ẹni tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn tó sì mọ èyí tó ti já. Ó ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni orin náà rí. Ṣùgbọ́n Kòtíìgún mọ ìtẹ̀ tó jẹ́. Ìtẹ̀ orin karùn-ún ni. A kì í fo ohun tó dá wà lójú ọ̀nà.

Ó yí ojú sẹ́yìn sí yàrá onígíláàsì, ó sì nawọ́ sí dùùrù. Agbohùnsílẹ̀ mi orí: rárá. Ó tún nawọ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó mi ìka, ó mi irùngbọ̀n. Kòtíìgún sì mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Bí wọ́n bá dúró, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tú dùùrù wò, ọwọ́ Dókítà á tutù, wákàtí kan á sì lọ. Bí wọn kò bá dúró, orin tí Dókítà lè máà rí ọwọ́ fi ṣe mọ́ láyé á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kọ́" lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀bi òun ni yóò sì jẹ́. Kò sí ẹlòmíì tó fọwọ́ kan inú dùùrù náà lọ́jọ́ yẹn.

Inú orin kẹrin ni ìlù ti ní àyè tirẹ̀. Kòtíìgún bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga. Ìgbà tí Dókítà gbé ọwọ́ kúrò, tí apínlẹ́tà fẹ̀yìn ti báàsì, tí Oníbúrẹ́dì sì yà kúrò lójú ọ̀nà tìlù-tìlù, ó dìde níwájú ọgọ́fà ènìyàn, ó gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó sì ki orí bọ inú dùùrù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ó rí i. Rọ́bà dúdú kan, tó dùbúlẹ̀ lórí wáyà mẹ́ta bí ọ̀lẹ lórí ẹní. Ìpanumọ́ tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀.

Ó fa ẹ̀mú gígùn yọ, ó nà án sí i. Rọ́bà náà yọ̀ lẹ́nu ẹ̀mú, ó rì sí i láàárín àwọn wáyà.

Oníbúrẹ́dì rí gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlù. Ó rò pé àwọn ń dúró de òun ni, àánú sì ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ìlù mọ́ kí ó lè padà sílé, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún méjìlélógún.

"Má dúró!" ni apínlẹ́tà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Hẹ́n?"

"Mo ní máa lù ú lọ!"

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ìwọ ṣá ti máa jẹun lọ!"

Ẹ̀rín ńlá bo ojú Oníbúrẹ́dì. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láàárín ìlù kan sí èkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Dókítà ti dìde kúrò lórí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"Gbé ẹ̀mú yẹn wá, ìyàwó wa. Mú iná dúró síbí. Rárá, wálẹ̀ díẹ̀. Ó dáa."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu dùùrù náà bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ aláìsàn, ohùn tó sì fi ń bá gbogbo aláìsàn sọ̀rọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀: "Kò ní dùn yín rárá."

Ìdajì gbọ̀ngàn náà ló mọ gbólóhùn yẹn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kẹta, ó sì tàn kálẹ̀ dé ẹ̀yìn. Nínú yàrá onígíláàsì, Agbohùnsílẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Dókítà kò gbọ́. Kò fa rọ́bà náà sókè gbọnrangandan. Ó kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí ó fi tú, kí ó tó fà á yọ, mímọ́ tónítóní. Ó gbé e sókè sínú iná kí gbogbo wọn lè rí i. Àtẹ́wọ́ bo ìlù mọ́lẹ̀.

Ó fi rọ́bà náà lé Kòtíìgún lọ́wọ́, ó padà jókòó, ó tẹ ìtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sókè wò ó.

"Kò tíì gún," ni Kòtíìgún wí.

Òótọ́ ló sọ. Wáyà tí rọ́bà náà ti pa lẹ́nu mọ́ láti aago kan ààbọ̀ ni òun kò tíì tọ́. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ìyíwáyà wá lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi í lé orí irin, ó tẹ́ etí sílẹ̀ lábẹ́ gbogbo ariwo Oníbúrẹ́dì, ó sì yí i níwọ̀n tí ojú kò lè rí. Dókítà tún tẹ̀ ẹ́. Kòtíìgún fi orí ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìsáré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orin kẹrin parí. Gbogbo ilé dákẹ́. Dókítà tẹ ìtẹ̀ kan náà ní ìgbà méje, jẹ́jẹ́, ohùn kọ̀ọ̀kan sì dúró lókè bí ẹyẹ tó na apá láìjù ú, títí èkejì fi wá gba ipò rẹ̀. Báàsì wọlé lábẹ́ ìkeje. Ìlù rọra tẹ̀ lé e. Ìka méjèèjì ọwọ́ òsì fara dà á títí dé òpin. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wákàtí náà pé.

Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti lọ, Kòtíìgún da àpò rẹ̀ sórí ìtàgé. Rọ́bà mẹ́fà bọ́ sílẹ̀. Ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì wọ́n.

"Méje," ni ó wí. "Mẹ́fà ni mo ní. Ibo ni ìkeje ti wá?"

Apínlẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í nu báàsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ báàsì náà kò dọ̀tí.

"Bàálé mi."

"Ṣé o rántí èyí tó sọ nù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí o ra òmíràn dípò rẹ̀?" ni ó wí. "Mo ń gbá mọ́tò lálẹ́ àná, mo bá a lábẹ́ ìjókòó. Mo bá ṣe ẹ́ lóore, mo dá a padà sínú àpò."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mo fẹ́ kí o kàn ṣàdédé rí i, kí inú rẹ dùn."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀!"

"Lẹ́tà kì í bímọ lápò!"

Agbohùnsílẹ̀ ti jáde sí wọn, ẹ̀rọ etí rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní ohun gbogbo wọlé kedere, orin karùn-ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Pé òun á gé ẹ̀rín, òun á gé ọ̀rọ̀ sísọ, òun á sì gé ìlù náà kù sí ìṣẹ́jú kan, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá ló jẹ́.

"Ẹni tó bá gé ìlù yẹn," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó ń fi aṣọ ìnura nu ọrùn, "kó máa wá ibòmíì ra búrẹ́dì."

"Ẹ má gé nǹkan kan," ni Dókítà wí. "Bí a ṣe ṣe é nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni àwo orin náà ṣe jáde. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ohun tí kálukú ṣe sí, dùùrù, báàsì àti ìlù ló ṣáájú. Ìlà kẹrin kà báyìí: Kòtíìgún, ẹsẹ̀ lásán àti tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ó gbọ́ "kọ́" kí wọ́n tó yọ rọ́bà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, ìkẹrin fara pamọ́ sábẹ́ báàsì ní ìparí orin kẹta, ẹni tó bá tẹ́tí á gbọ́ ọ.

Wọ́n la ọwọ́ Dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ìka náà nà. Èyí tó kéré jù kò fẹ̀ mọ́ bíi tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn orin kan wà tó fi sílẹ̀, àwọn kan sì wà tó ń ṣe pẹ̀lú sùúrù, àga sì ṣì ń lọ mọ́ ògiri ní yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Oníbúrẹ́dì ni kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní ó tó, á ní kí wọ́n lọ gbọ́ orin kẹrin.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ orin kan wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Eyín ìsàlẹ̀ ló mú un mọ Dókítà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wá sílé apínlẹ́tà, ó sì bi Kòtíìgún bóyá ó lè wá máa tọ́jú àwọn dùùrù ilé-ẹ̀kọ́ òun. Ó ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó máa bọ́ bàtà níwájú ọgọ́fà ènìyàn láti lọ mú àṣìṣe ara rẹ̀ jáde ni òun ń wá. Kòtíìgún dá a lóhùn pé àṣìṣe ọkọ òun ni, ó sì gba iṣẹ́ náà.

Níbi tí a mọ̀ ọ́n sí kẹ́yìn, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin náà, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní yàrá kejì lápá òsì nísàlẹ̀ ilé. Dùùrù mọ́kànlá ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó sì máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán.